Mọ́tò Tí Orúkọ Ń Hù Lára Ìlẹ̀kùn Rẹ̀

Bísí, jókòó, jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún ẹ. O mọ̀ pé òní ni mo gbọ́dọ̀ fún ọ̀gá mi lésì: ṣé mọ́tò ilé-iṣẹ́ ni mo fẹ́, àbí kí wọ́n máa fi owó mọ́tò kún owó oṣù mi.

Lójú àlá, mọ́tò ni mo mú. Mo wà á délé, Màmá mi ń da omi sí táyà rẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà: "Wàá lò ó pẹ́, èyí tó jù ú lọ á tún dé." Bí omi ṣe ń kan táyà ni orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ń hù lára ìlẹ̀kùn bí ewú. Mo pariwo pé n ò ṣe mọ́, owó ni mo fẹ́. Àfi bí gbogbo ẹbí ṣe kún inú mọ́tò, ó sì ń lọ láìsí ẹni tó ń wà á. Mo sá tẹ̀lé e. Màmá yọjú lójú fèrèsé: "Mú owó ọkọ̀ rẹ lọ́wọ́ o!"

Nígbà tí mo jí, ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ bíréèkì lára ògiri. Má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ara mi ò tíì balẹ̀. Màmá pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní àwọ̀ wo ni mọ́tò náà.

Bísí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí fún.