Ọmọ Tó Ń Pè Mí Ní Àǹtí

Kò tíì jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà... bóyá ó máa mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré, kí n lè rí nǹkan sọ fún Dáníẹ́lì ọkọ mi tó bá dé. Iṣu náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pèpéle, nínú abọ́ pupa tí mo rà nítorí rẹ̀. Eṣinṣin ti ń bà lé e. Kò lé eṣinṣin. Kò tilẹ̀ wo abọ́. Títì ló ń wò. Ó gbé báàgì nọ́sìrì rẹ̀ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí àgbàlagbà tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì.

Kò sunkún. Ká ní ó ń sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é nílé ìwòsàn fún ọmọ ọlọ́mọ: mo máa gbé e sí èjìká, mo máa fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ó fi máa gbàgbé abẹ́rẹ́. Àwọn ìyá wọn á ní, "Nọ́ọ̀sì yìí mọwọ́ ọmọ." Mo mọwọ́ ọmọ... Kí wọ́n wá wo tèmi.

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣu ni mo ti gbà. Mo sè é. Mo fi se ẹ̀bẹ. Mo dín in. Ó ní, "Màmi máa ń sun ún ni." Màmi — ìyá mi nìyẹn, ìyá tó bí èmi, tó wà ní Ilérò. Òun ni Màmi. Èmi ni Àǹtí. Mo ní ó dáa, mo sì sun ún. Mo gbé iṣu lé iná gáàsì, mo dúró tì í, mò ń yí i síhìn-ín, mò ń yí i sọ́hùn-ún bíi wèrè. Ara rẹ̀ jó, inú rẹ̀ ò jinná. Kò sí eérú nínú gáàsì. Níbo ni kí n ti rí eérú ní Ṣakí yìí, nínú ilé tí onílé ti ní a ò gbọdọ̀ dáná igi... Mo gbé e fún un bẹ́ẹ̀ náà. Ó wo iṣu, ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ ṣé. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí mo fi inú mi gbé, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé mo jẹ́ ará ilé kejì.

Mi ò jù ú nù. Mo gbọ́dọ̀ máa rántí ìyẹn, nítorí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí ni mo lọ. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ọmọ síbẹ̀. Ìsẹ́yìn ni iṣẹ́ Dáníẹ́lì wà, kò sí bí òun náà ṣe lè dá tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ló ní, "Gbé e wá. Ṣé ọmọ ẹlòmíì ni?" Ọmọ náà ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ rìn nígbà náà, kò tíì máa sọ̀rọ̀. Kò tíì máa sọ̀rọ̀ nígbà tí mo fi í sílẹ̀... ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá dé ẹnu rẹ̀, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló pè. Kí lèèyàn fẹ́ dá ọmọdé lẹ́bi sí nínú ìyẹn?

Ṣùgbọ́n mò ń dá a lẹ́bi. Ọlọ́run, mò ń dá a lẹ́bi.

Àti àná. Mi ò fẹ́ ro àná, òun ló sì ń wá sí mi lọ́kàn ṣáá. Lẹ́yìnkùlé ni mo wà, mò ń sá aṣọ. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà dúró lẹ́nu géètì. Mo jáde, mo rí Jẹ́ẹ́dé ọlọ́kadà, tí mo gbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ — mo rí ọmọ mi níwájú rẹ̀ lórí táǹkì, báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ó di irin ọ̀kadà mú. Mi ò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé kò sí nílé. Ibi tó burú jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ mójú tó ọmọ yín o. Ó dá mi dúró lẹ́bàá títì, ó ní kí n gbé òun lọ sí Ilérò, pé Màmi òun máa sanwó tí a bá débẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo dá a mọ̀."

Ká ní kò dá a mọ̀ ńkọ́? Ká ní ẹlòmíì ni. Lórí títì yìí, tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí bọ́dà, tí ẹnì kan ò mọ ẹnì kan... Rárá. Mi ò ní rò ó dópin. Àyà mi á já. Ó ti já. Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò wò mí. Ọkùnrin náà ló gbójú sókè wò, ó ní, "Ẹ ò lọ mọ́?"

Ìyá Beauty tí a jọ ń gbé nínú ọgbà jáde síta, ó káwọ́ gbera. "Ìyá Tóyọ̀sí, ẹ nà án díẹ̀. Tí ẹ bá ń kẹ́ ẹ báyìí, kò ní gbọ́ràn láéláé." Mo sì gbọ́wọ́ sókè. Mo gbọ́wọ́ sókè lóòótọ́. Ó di ojú rẹ̀, ó dúró. Kò sá. Kò figbe ta. Ó dúró kí ọwọ́ náà dé, bí èèyàn ṣe ń dúró kí òjò dá. Ọwọ́ mi wà lókè níbẹ̀. Mo fi nu ojú mi.

Ó ti rù. Ojú nọ́ọ̀sì ni mo fi ń wò ó, mi ò lè fi ojú ìyá wò ó, ẹ̀rù á bà mí. Mò ń fọwọ́ fa awọ inú rẹ̀ tó bá sùn, láti mọ̀ bóyá omi ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti fi pín-ìn-nì dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì nọ́sìrì rẹ̀ kù. Ó ń mu omi, ó ń jẹ búrẹ́dì díẹ̀ nílé ìwé, olùkọ́ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Nílé yìí ni kì í jẹ. Lọ́wọ́ mi ni kì í jẹ.

"Jùmọ̀kẹ́, tí ọmọ yìí ò bá tíì jẹun gidi kí n tó dé lónìí, ọ̀dọ̀ Màmá ni mò ń gbé e padà lọ. Ẹ̀mí ọmọ là ń sọ yìí. Kì í ṣe ìjà."

Dáníẹ́lì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le. Ì bá sàn kó le. Kì í ṣe ìjà... ta ló sọ fún un pé mò ń jà? Ta ni mò ń bá jà? Ọmọ mi ni mo ní kí wọ́n fún mi. Ó máa gbé e lọ, mo mọ̀. Ó máa gbé e síwájú ọkọ̀, ọmọ náà á sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò tíì rí eyín rẹ̀. Ìgbà tó bá ń kúrò ni màá rí i.

Èmi ni mo sọ fún ìyá mi pé kó má pè mọ́. "Ẹ jẹ́ kó gbàgbé yín díẹ̀, Ìyá." Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ọmọ náà ń padà sórí pèpéle yìí. Ìyá mi ní, "Ó dáa." Kò bá mi jà. Inú mi dùn... rárá, kì í ṣe pé inú mi dùn. Nǹkan kan gbóná nínú mi, mo sì fẹ́ kó máa gbóná lọ.

Nǹkan gbígbóná yẹn ti wà nínú mi ṣáájú ìgbà yẹn. Ó wà níbẹ̀ ní Àjíǹde. Mo délé ní Ilérò láìsọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mo bá ìyá mi nídìí ààrò, ó ń họ eérú kúrò lára iṣu, ó fẹnu fẹ́ ẹ kó tutù kó tó já a fún un. Ó ń bó ẹ̀pà fún un, awọ pupa inú rẹ̀ pàápàá, ó ń bó o kúrò. Lẹ́yìn náà ó pọ̀n ọ́n. Ọmọ ńlá báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń rìn yí àgbàlá ká, ó ń kì í: Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró mi, ẹni tó jí tílé mi mọ́... Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù mi. Mi ò lè kí wọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti gba ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pinnu pé màá mú un wálé.

Ta ni obìnrin yẹn? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá tí mo mọ̀ kì í bó ẹ̀pà fún ẹnikẹ́ni. Bàbá wa kú, ó fi wá sílẹ̀ fún un, gbogbo wa kéékèèké. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi máa ń lọ sóko. Tó bá dé, á sọ igi kalẹ̀, á jókòó, kò ní sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń pọn àwọn àbúrò mi. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kàn mí àfi tó bá ń dirun fún mi, ó sì máa ń fà á le, ojú á máa ro mí. Mi ò bínú sí i. Mi ò bínú rí. Kò ní àyè ni. Ẹni tó ń wá ohun tí ọmọ máa jẹ, ìgbà wo ló fẹ́ kì í? Ó ti darúgbó báyìí, oko ti kéré, ó ti wá ní àyè. Ó yẹ kí inú mi dùn sí i.

Ó yẹ kí inú mi dùn...

Fóònù ti tún dún. Ìyá mi ni, òun tí mo ní kó má pè mọ́. Mo gbé e lónìí — mi ò mọ̀dí tí mo fi gbé e. Kò kí mi. Ó ní, "Àwẹ̀ró ńkọ́?" Mo ní ó wà níta. Ó ní, "Ṣé ó jẹun?" Mo ní ó ń jẹun, Ìyá. Irọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń ké. Ó ní, "Ó dáa nígbà náà." Ó pa á.

Mo ṣì gbé fóònù sétí.

Kí ló dé tí mo ṣì gbé e sétí? Ó ti pa á. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mò ń dúró. Mo dúró bíi pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó yẹ kó sọ... Kí ó ní, ìwọ ńkọ́? Ìwọ, Jùmọ̀kẹ́, ṣé ìwọ ti jẹun? Mi ò tíì jẹun. Láti àná, mi ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Kò sẹ́ni tó bèèrè. Mo ti dàgbà, mo ti lọ́kọ, mò ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò — mo sì dúró síbí, mo gbé fóònù tó ti kú sétí, mò ń retí kí ìyá mi bi mí bóyá mo jẹun. Kí ó pè mí ní Àníkẹ́. Oríkì mi ni. Ìyá bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí.

Ọjọ́ Àjíǹde... tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ mi ni wọ́n gbà. Irọ́ ni. Kì í ṣe ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá mi ni mò ń wò.

Ẹ̀yìn náà ni mò ń wò.

Ọmọ yìí ni. Kì í ṣe ìyá mi ni mò ń jowú, ọmọ yìí ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo lọ mú un kúrò lórí ẹ̀yìn yẹn nítorí pé èmi ò dé ibẹ̀ rí.

Mo ti jáde síta. Mi ò mọ ìgbà tí mo rìn débí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó tún padà síbi tó ń wò. Dáníẹ́lì ò tíì dé. Mo jókòó sórí pèpéle lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní kó jẹun. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà Ilérò wà níwájú wa, ó gbẹ, ó ń ta eruku, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì sì jókòó, à ń dúró de obìnrin kan náà.