Ọ̀gágun Onífìlà Ìyẹ́

Nígbà tí Káfíńtà ṣì wà láyé, tí ìyá rẹ̀, tó máa ń sùn lórí àga, náà ṣì wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ húkọ́ nílé wọn nírọ̀lẹ́ Sátidé. Àsìkò eré ọ̀gágun onífìlà ìyẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn: akin ayé àtijọ́ tó ń fi idà kan ṣoṣo lé odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tó ń fò láti ojú fèrèsé sẹ́yìn ẹṣin, tí fìlà rẹ̀ kì í sì í bọ́.

Aránṣọ, ìyàwó Káfíńtà, kọ́kọ́ máa ń kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. "Ogun lẹ jókòó tì tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?" Àfìgbà tó bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé apá kóòtù ọ̀gágun ti ya.

"Ẹ gbà mí! Ṣé kò níyàwó tó lè bá a rán an ni?"

Lọ́sẹ̀ kejì, òun ló kọ́kọ́ jókòó. Bí ẹja ṣe ń gbé ìwọ̀ mì nìyẹn.

Ọjọ́ tí eré máa parí gan-an ni inú rírun gbé Káfíńtà dé ọsibítù. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọ̀la. Káfíńtà yarí.

"Ọ̀bẹ kankan ò ní kàn mí títí n ó fi gbọ́ bó ṣe parí."

"Bàbá wọn, ẹ̀mí yín là ń sọ, ẹ̀ ń sọ ti onífìlà!"

"Lọ bá mi wò ó, ìyá wọn. Má fo nǹkan kan o."

Aránṣọ sáré délé. Wọ́n ti ká ọ̀gágun mọ́ orí òkè ilé ìṣọ́, iná ń jó nísàlẹ̀, ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, ni iná mànàmáná bá lọ fíì! Ó kàn ń wo tẹlifíṣọ̀n dúdú. Bó bá lọ sọ pé òun ò mọ̀, ọkọ rẹ̀ olóríkunkun yẹn ò ní gbà kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ara rẹ̀. Ló bá mú rúlà ìwọnṣọ rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gun àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa rúlà yọ bí idà.

"Gbàù! Ó gé okùn, ó fò! Ìyàwó rẹ̀ ti mú ẹṣin dúró dè é!"

"Kóòtù ńkọ́?"

"Ó ń rán an bí ẹṣin ṣe ń sáré lọ sétí odò!"

Nọ́ọ̀sì wọlé. "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọdá odò ná!" ni aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kejì pariwo.

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbé òun lọ.

Ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n tún fi eré náà hàn. Aránṣọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀. Àṣé àkàsọ̀ ni ọ̀gágun rọra gbà sọ̀ kalẹ̀!

Káfíńtà fò dìde. "Irọ́ ni wọ́n ń pa! Ìyàwó mi wò ó, kò parí báyìí!" Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Káfíńtà kú, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀, ó nawọ́ sí rúlà lára ògiri. Orúnkún Aránṣọ ò gbà á láti gun àga mọ́, ilẹ̀ ló dúró sí tó ti fà á yọ. Nígbà tí ẹṣin dé àárín odò, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì dúró gbọ́ ìyókù.