Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá

Ẹni tó mọ irin gé, tó tún mọ irin jó, a máa rò nígbà mìíràn pé kò sí ohun tí òun gé tí òun ò lè jó padà. Bí Wẹ́dà ṣe rò ó nìyẹn, títí di ìgbà tó sọ alùpùpù àbúrò rẹ̀ di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Afẹ́fẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò náà, nítorí bó ṣe máa ń gun alùpùpù: ẹ ó gbọ́ ọ, ẹ ò ní rí i. Alùpùpù ńlá ni, irú èyí tó jẹ́ pé ọ̀pá irin ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dípò ṣéènì, òun ló sì fi ń kó ẹrù fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kan ló já sí kòtò. Egungun san, ṣùgbọ́n orúnkún òsì yarí, kò ká mọ́. Kò sí ohun tó ṣe eré sísá. Dídúró ni ìjà. Bó bá ti dúró, tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ òsì tilẹ̀, máṣíìnì á dà á nù bí ẹni da omi ìfọṣọ nù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń nu alùpùpù tí kò lọ síbì kankan. Ọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, òun náà ni wọ́n wá ń bẹ̀ kó tó jẹun.

Wẹ́dà ò lè máa wò ó níran. "Ẹsẹ̀ méjì ló ń dà ọ́ nù," ó ní. "Màá fi ìkẹta kún un."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ààrò ìdáná lẹ fẹ́ sọ mí dà ni?"

"Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣáà fọkàn balẹ̀."

Ohun tí wọ́n ń wá ni irin ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀pá gbọọrọ tó gbé táyà méjèèjì ró, tí ikùn jíà tó ń yí wọn wà láàárín rẹ̀. Wẹ́dà wá a títí láàárín àwọn àlòkù. Èyí tí kò wọ́, ó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé Ìyá wọn, ọkọ̀ Bàbá wà níbẹ̀ tó fara ti ògiri. Wọ́n ti ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú.

Awakọ̀ ni Bàbá. Láti òwúrọ̀ dalẹ́, iwájú ló ń jókòó, àwọn ẹlòmíràn ló ń jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọkọ̀ dé ilé nírọ̀lẹ́, tó ti pa á, kò ní í wọlé. Á ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, á bọ́ síbẹ̀, á na ẹsẹ̀, á wá ké sí ìyàwó rẹ̀ pé, "Ìyáàfin, ẹ máa bọ̀ o, ọ̀gá ti dé!" Ìyá á gbé ẹ̀pà wá. Àwọn méjèèjì á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò lọ síbì kan, wọ́n á máa pa ẹ̀pà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn tí Bàbá gbé lọ́jọ́ náà lẹ́yìn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí Bàbá kú, Ìyá ò yé jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ làwọn ọmọ ń rí i. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

Ẹ̀wà ni Ìyá ń ṣà lọ́jọ́ tí Wẹ́dà lọ bá a.

"Ìyá, mo fẹ́ yọ irin ẹ̀yìn ọkọ̀ Bàbá fún máṣíìnì Afẹ́fẹ́."

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú àwo. "Ṣé kò sí irú ẹ̀ níbòmíràn ni?"

"Ó wà, àmọ́ gbogbo wọn ló ti bàjẹ́. Ìyá, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi òkú ọkọ̀ ṣe? Ìjókòó yín ṣì máa wà níbẹ̀, n ò ní fọwọ́ kàn án."

Ìyá gbójú sókè díẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Afẹ́fẹ́ na ẹsẹ̀ tí kò ká sí. Lẹ́yìn náà ló tún gbójú sínú ẹ̀wà rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọ ju ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ," ó ní. "Ẹ mú un."

Wẹ́dà gbọ́ "ẹ mú un," ó ti dìde.

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ó tú bóòtù, ó fa irin náà jáde tòun ti sípíríǹgì rẹ̀, àwọn pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́. Kò fi ọkọ̀ Bàbá sílẹ̀ kó máa fi ìdí wọ́lẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ó to búlọ́ọ̀kù àti pákó sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ìwọ̀n olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò wò ó, ó tún un tò títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Nígbà tó yẹ sípíríǹgì wò, ó rí i pé apá ọ̀tún ti dẹ̀, ó rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá fì sápá kan á tún da ọmọ ọlọ́mọ nù. Ló bá fi pẹlẹbẹ kan kún tọ̀tún, méjèèjì wá dọ́gba.

Nígbà tí ayùn wọ ara alùpùpù, Afẹ́fẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Wẹ́dà gé ìdí rẹ̀ kúrò, ó jó irin tuntun mọ́ ọn, ó wá so ọ̀pá alùpùpù mọ́ ẹnu ikùn jíà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, Afẹ́fẹ́ fa epo, máṣíìnì sì fi ẹ̀yìn rìn, ó lọ kọlu ògiri balùwẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ibi tí mo ti ń bọ̀ lẹ ń dá mi padà sí yìí o!"

Wẹ́dà ti gbé ikùn jíà náà dojú bolẹ̀, òun ló jẹ́ kó máa yí táyà sẹ́yìn. Ó tú u, ó dorí rẹ̀ sókè. Ní ìgbà kejì, Afẹ́fẹ́ jáde ní géètì, ó yí ọ̀nà po, ó dúró gbọnin láìfi ẹsẹ̀ kankan tilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá tó dúró ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná pàtẹ́wọ́ fún un, ó fi etí aṣọ nu ojú. Wẹ́dà rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ padà bọ̀ sípò. Àfìgbà tí Wẹ́dà gba ẹ̀yìn ilé kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó rí i pé aláǹtakùn ti ta òwú rẹ̀ láti ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ Bàbá dé ara ògiri. Ìyá jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, ó kọjú sí ààrò tí kò dáná.

"Ìyá, ẹ kì í jókòó sínú ọkọ̀ mọ́?"

"Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé kò dúró dáadáa ni? Mo to búlọ́ọ̀kù yẹn dáadáa o."

"Ó dúró, ọmọ mi. Ó ti dúró jù." Ìyá fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Bàbá yín wúwo, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀tún ló máa ń jókòó sí. Ó jókòó síbẹ̀ títí apá ibẹ̀ fi tẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, bí mo bá jókòó sápá òsì tèmi, ọkọ̀ náà á rọra fà mí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní orí mi ti dàrú."

Pẹlẹbẹ tó fi kún un ni Wẹ́dà ń rò, àti ìwọ̀n olómi tó fi ń yangàn. Òkú ọkọ̀. Ẹnu òun ló ti jáde. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó fọ́ nìyẹn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ, Ìyá?"

"Kí n sọ kí ni? Kí ọmọ mi máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà?"

Ní ọjọ́ kejì ó wá pẹ̀lú jáàkì. Ó yọ pákó kan kúrò lórí búlọ́ọ̀kù apá ọ̀tún, ó gbá òwú aláǹtakùn dànù, ó nu ìjókòó, ó sì lọ pe Ìyá. Ìyá bọ́ sápá òsì. Ọkọ̀ náà tẹ̀ lóòótọ́, ara Ìyá sì rọra yẹ̀ sọ́tùn-ún.

"Ìyá, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ìyá wo ibi òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó tẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo tẹ̀ ẹ́."

Síbẹ̀, kò tíì dìde. Ó jókòó níbẹ̀ díẹ̀, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ se ọbẹ̀ oníyọ̀ púpọ̀ fún, tó ń rọra lá a. Lẹ́yìn náà ló ní òjò ń ṣú, ó sì lọ ká aṣọ tó sá.

Fèrè máṣíìnì dún ní géètì. "Ẹ̀gbọ́n!" Afẹ́fẹ́ ń pariwo. "Ẹrù kún un dẹ́nu, ẹ wá wò ó, kò tẹ̀ síbì kankan! Ta ló kọ́ yín níṣẹ́?"

Wẹ́dà fọwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà.

"Mo rí i," ó ní. "Kò tẹ̀. Mi ò jẹ́ kó tẹ̀."