Láísẹ́ǹsì Tó Ń Kú Lẹ́yìn Ẹnjinníà

Láti oṣù kẹta ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ewé máté, tí wọ́n ń mu bíi tíì, lẹ́bàá ìlú Oberá ti ń da Ermelinda Dudek láàmú. Òun ló ń bójú tó o, òun náà ló sì ń kọ àṣẹ tí àgbá irin ńlá tí wọ́n fi ń yan ewé ń tẹ̀ lé: bí iná yóò ṣe gbóná tó, bí àgbá yóò ṣe yára yí tó. Sọ́fítíwià kan ló fi ń kọ àwọn àṣẹ náà, sọ́fítíwià ọ̀hún kì í sì í ṣí láìsí láísẹ́ǹsì, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo.

Nínú oṣù kẹta yẹn ni àrá sán, tó jó ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ń ki wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ pupa yọ: "Láísẹ́ǹsì yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yìí." Ẹnjinníà Lisandro Brítez wá láti ìlú Posadas, ó gba láísẹ́ǹsì tuntun, ohun gbogbo dára. Iná mànàmáná lọ, ó dé, wọ́n tan kọ̀ǹpútà padà, ọ̀rọ̀ pupa tún ti jókòó síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Brítez tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń tẹ ohun tí kò yẹ kí ẹ tẹ̀," ni Brítez wí nígbà kẹta.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ermelinda wọ egungun. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Inú ìwé tó fowó ara rẹ̀ rà ló ti kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í láti fi hàn án.

Àṣẹ àtijọ́ ni àgbá ń tẹ̀ lé ní gbogbo àkókò yìí, àmọ́ nínú oṣù kẹfà, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n fi tuntun sí i, ó sì di dandan kí Ermelinda yí àwọn àṣẹ kan padà kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó ṣí sọ́fítíwià. Ọ̀rọ̀ pupa! Níta, ọkọ̀ márùn-ún ti tò, ewé tí wọ́n já láàárọ̀ ọjọ́ náà kún inú wọn. Tí ewé yẹn ò bá rí iná kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, dúdú ló máa dà.

Don Anselmo Hrycuk, alága ẹgbẹ́ àwọn olóko tó ni ilé iṣẹ́ náà, fi fóònù pe Brítez. Kí ó tó dé, Ermelinda ṣí fáìlì láísẹ́ǹsì wò. Nọ́ńbà gígùn kan wà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí náà ó wo nọ́ńbà ẹ̀yà tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀: wọn ò bára mu. Ó wá láísẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Brítez ti gbà jáde. Nọ́ńbà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, kò sì sí irú rẹ̀ níbikíbi lára kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ sórí bébà.

"Ta ló ni ọ́?" ló bi nọ́ńbà náà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Brítez tó dé. Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé inú gbọ̀ngàn àgbá tí kọ̀ǹpútà wà dáadáa, nítorí náà ó yọ fóònù tirẹ̀, ó fẹ́ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kó lè fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe máa ń ṣe. Ermelinda wo fóònù náà, ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹnjinníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Doña Erme," ni Brítez fi orúkọ ọ̀wọ̀ pè é, "ọkọ̀ márùn-ún ló wà níta. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

"Ẹ so ó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ wá wo ibí." Nọ́ńbà tuntun kan ti yọ lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ bá mi kà á."

Brítez ń kà, Ermelinda ń fi ìka tọ bébà rẹ̀. Kò sí èyí tó yàtọ̀.

"Ẹ yọ fóònù yín."

Ó yọ ọ́. Nọ́ńbà pòórá.

"Fóònù yín ni láísẹ́ǹsì náà mọ̀," ni Ermelinda wí. "Òun lẹ gbà á fún, lẹ bá fi í sápò, ó di Posadas. Tí a bá ti pa kọ̀ǹpútà tí a tún un tàn, á máa wá yín, kò ní rí yín."

Don Anselmo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀ẹ̀mẹta la ránṣẹ́ pè ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lo gbé láísẹ́ǹsì wa sá lọ!"

Ojú ti Brítez, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Èmi ni mo jẹ̀bi," ló wí. Ó dìde kúrò lórí àga. "Ẹ wá jókòó, Doña Erme. Báwo la ṣe máa ṣe é?"

Wọ́n fa wáyà gígùn láti ọ́fíìsì, wọ́n mú un gba ojú fèrèsé wọlé. Ermelinda gba láísẹ́ǹsì fún nọ́ńbà kọ̀ǹpútà gan-an. Bí sọ́fítíwià ṣe ṣí, ló bá tún pa kọ̀ǹpútà.

"Má pa á!" ni Don Anselmo kígbe.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Don Anselmo."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tàn án, kò sí ọ̀rọ̀ pupa mọ́. Ló bá yí àwọn àṣẹ náà padà. Àgbá kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, òórùn ewé yíyan sì gba gbogbo àgbàlá.

"Ẹ jẹ́ n ya àwòrán bébà yín," ni Brítez wí. "Mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí níbi méjì mìíràn."

"Ẹ yà á. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé Ermelinda Dudek ló rí i."

Casimiro, bàbá Ermelinda, tó fi ogójì ọdún já ewé kí wọ́n tó fi í sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ewé lẹ́nu ọ̀nà, ti gbọ́. Ó ń lọ láti ọkọ̀ kan dé èkejì.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ẹnjinníà Posadas dìde fún ọmọ mi!"

"Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi tán ni," ni awakọ̀ kan wí.

"Ìwọ tún un gbọ́!"

Ermelinda ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.