Igi Tí Omi Ń Fìyà Jẹ

Ìlú tí ọmọbìnrin náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ tutù bí ìdí ìkòkò omi, ṣùgbọ́n ilé gíláàsì tí wọ́n fi ń tọ́jú igi nílé ẹ̀kọ́ gíga wọn móoru bí ilé ìyá rẹ̀. Bí igi, ẹranko àti ojú ọjọ́ ṣe ń bá ara wọn gbé ló wá kọ́, igi kan ṣoṣo sì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti mú kóró igi náà wá láti igbó kan nílẹ̀ àwọn ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gé igbó náà tán, wọ́n ti fi ṣe pákó. Èyí tó wà nínú gíláàsì yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni ṣì mọ̀ pé ó kù láyé, kò sì tíì tanná rí.

Olórí àwọn olùtọ́jú ọgbà jẹ́ ọkùnrin àgbà kan tó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni ọmọbìnrin náà ń pè é. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá náà dúró ti igi náà, ó wo ewé tó pọ́n rúsúrúsú nílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, igi ẹ ti kú.”

“Kò tíì kú, Bàbá. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.”

“Tí oṣù yìí bá parí, mo máa gé e. Àwọn tó wà láàyè ń wá ibi tí wọ́n máa dúró sí.”

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin igi náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, bí ẹni ń rọ ọmọ tí kò fẹ́ẹ́ mu. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ni ewé ń já sí i, títí ó fi ku ẹ̀ka lásán.

Ọjọ́ tí ewé tó kẹ́yìn já ni ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Ṣé o ti wá mọ igi, àbí wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ? Igi kún ẹ̀yìnkùlé wa, ìwọ wọkọ̀ òfuurufú lọ wo ẹyọ kan.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyọ kan ọ̀hún náà ló ń kú lọ yìí.”

“Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá àwa náà fà á níbí. Kànga gbẹ, ilẹ̀ lanu. Àwọn igi ẹ̀yìnkùlé wà ní ìhòòhò goloto, wọn ò sì tijú.”

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ẹ̀ka lásán tó wà níwájú rẹ̀.

“Ṣé o ṣì wà ńbẹ̀?”

“Mo wà ńbẹ̀, Màámi. Mo gbàgbé ẹ̀ẹ̀rùn ni.”

“Ọmọ tó bá ti gbàgbé ẹ̀ẹ̀rùn ti di àlejò nìyẹn.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí àárò ilé bá ń sọ ọ́, òjò àti ewé tútù nìkan ló máa ń rántí. Kì í rántí òùngbẹ. Láti ọjọ́ tí igi yìí ti hù, omi kò dá lára rẹ̀ rí. Igi náà kò mọ ìgbà tó yẹ kó sùn, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó jí. Omi tí wọ́n ń dà lé e lórí ló ń fìyà jẹ ẹ́.

Ó ti ẹ̀rọ omi pa. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bá a níbi tó ti ń fi okùn di ẹnu rọ́bà omi.

“Òkú lo tún fẹ́ẹ́ fòùngbẹ pa?”

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bomi rin ín. Tí mo bá ṣìnà, èmi fúnra mi ni màá di ayùn mú.”

“Ẹnu ẹ lo fi sọ ọ́ o.”

Kò rọrùn. Erùpẹ̀ ìdí igi náà funfun, ó sì sán. Bí ọmọbìnrin náà bá ń kọjá, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kí wọ́n má baà ṣí omi. Bí igi yìí bá kú, òun ló pa ìran rẹ̀ run ráúráú, kò sì sẹ́ni tó máa bá a pín ẹ̀bi náà.

Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, ó tú rọ́bà, ó gbé e sókè, ó jẹ́ kí omi rọ̀ bí àkọ́rọ̀ òjò títí ilẹ̀ fi mu ún yó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí àwọn kókó kéékèèké lára ẹ̀ka, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kẹ́nu òun pè wọ́n ní nǹkan kan.

Ọjọ́ tí oṣù parí, òun àti Bàbá Kọ́kọ́rọ́ jọ ṣílẹ̀kùn. Ayùn wà lọ́wọ́ bàbá. Òórùn dídùn kan ló kọ́kọ́ pàdé wọn, wọ́n sì gbójú sókè. Ẹ̀ka tó dà bí egungun ti funfun láti ìsàlẹ̀ dé òkè: òdòdó tó tó ìkúùkù, kò sí ewé kan láàárín wọn. Orí ọmọbìnrin náà wú. Igi yìí kò fojú kan ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá rí, abẹ́ gíláàsì ló hù sí, síbẹ̀ odindi ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ látìgbà tó ti wà ní kóró, ó ń dúró de ẹni tó máa jẹ́ kó gbẹ.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣí fìlà. Ó rọra gbé ayùn sẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

“Kí ló máa ń gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó rẹ̀ kiri nílé yín, tó fi ń so?”

“Àdán ni, Bàbá.”

“A ò ní àdán níbí.”

Ọmọbìnrin náà na búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí i. “Ẹ̀yin ni àdán rẹ̀ báyìí. Tó bá so, a ó rí kóró dá padà sílé. Mo máa bá yín di àkàbà mú.”

“Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó pè mí ní àdán rí.” Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ti gun àkàbà dé ìdajì. “Èwo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?”

Ọmọbìnrin náà nàka sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bàbá, òdòdó mìíràn ń ṣí lọ́wọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì sì ń wò ó láìmí.