Àpótí Irin Ẹ̀yìn Alùpùpù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Fàsásì ti ń ṣe iṣẹ́ rewáyà ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù. Kò sí iná ọkọ̀ tí kò lè tú kó sì tún un tò. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, kì í fọwọ́ kan bátìrì mọ́. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ wá tí bátìrì rẹ̀ ń yọnu, á ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun, á sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀wálé ní òdìkejì títì. Àwọn ènìyàn rò pé ìgbéraga ni. Hàbíbátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rù ni.

Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan ló bú gbàmù mọ́ ọn lójú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ṣe ń tú orí wáyà rẹ̀. Iná bíńtín ló ta níbi tí sípánà ti kan irin, kò ju ti ìṣáná lọ. Omi bátìrì tú sí i lójú. Ojú òsì fọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń ra epo pupa nítòsí ni ojú ọ̀tún fi ṣẹ́kù. Obìnrin náà dá a dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń da omi sí ojú náà fún bí wákàtí kan, kò jẹ́ kó dìde, kò jẹ́ kó fọwọ́ nù ún. Adéyọ̀sọ́lá ni orúkọ nọ́ọ̀sì náà.

Òun ló pe Fàsásì lórí fóònù nínú ọyẹ́ tó kọjá. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn Ìpara, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun sì ti fi alùpùpù onítáyà mẹ́rin ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ, irú èyí tó ń gun òkè tó sì ń la ẹrẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abà tí ọkọ̀ kò lè dé. Fíríìjì kékeré kan wà tí yóò máa mú abẹ́rẹ́ tutù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so ó mọ́ bátìrì alùpùpù fúnra rẹ̀, á fà á gbẹ, ẹ́ńjìnnì kò sì ní í jí mọ́ láàárín igbó.

"Ẹ bá mi fi bátìrì kejì sí i, Búọ̀dá Fàsásì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kí ẹ́ńjìnnì máa ṣáájì méjèèjì, kí ti fíríìjì má sì fọwọ́ kan ti ẹ́ńjìnnì."

Fàsásì la ẹnu láti sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Ohun tó jáde ni, "Mò ń bọ̀ lọ́la, Nọ́ọ̀sì."

Kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Hàbíbátù ní kó pe obìnrin náà padà, kó sọ òótọ́ fún un. Fàsásì ní òun kò lè sọ ọ́ fún ẹni tó gba ojú òun là.

Nígbà tó dé ibẹ̀ láàárọ̀, ó bá alùpùpù lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó sì bá bátìrì kejì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ kan. Ó fi bátìrì sílẹ̀ ná, ó dojú kọ wáyà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Ó fa wáyà láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pèsè iná, ó gbà á gba inú rọ́bà lọ sẹ́yìn, ó fi fíúsì sí i, ó sì de rílè mọ́ abẹ́ àga. Rílè yìí ni yóò máa so bátìrì méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì máa yà wọ́n nígbà tó bá kú. Ó de wáyà ilẹ̀ mọ́ ara irin alùpùpù lápá ẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí ohun tó kù mọ́ àfi bátìrì.

Ìdérí mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Ó yẹ kó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wo inú ihò, kó rí i pé omi bo irin inú rẹ̀. Ó lóṣòó, ó fi ìka lé ìdérí àkọ́kọ́. Òórùn kíkan omi bátìrì yọ sí i nímú, ó sì fa ìka padà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dìde dúró, ó na ọwọ́ jìnnà, ó fi mítà wò ó. Mítà ní iná wà nínú rẹ̀. Mítà kò lè sọ bóyá omi wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí àpótí irin kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ó gbé bátìrì sínú rẹ̀, ó so wáyà mọ́ ọn pẹ̀lú ojú dídì, ó pa ìdérí àpótí dé, ó fi ìkọ́ há a, ó sì dè é mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ó mọ̀ pé ohun tó ṣe kò dára. Bátìrì gbọ́dọ̀ máa mí. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀ máa ń gbiná. Ṣùgbọ́n Fàsásì fẹ́ kí irin wà láàárín òun àti bátìrì yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ ẹ.

"Kí ni àpótí wà fún?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Nítorí eruku ni, Nọ́ọ̀sì."

Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Fíríìjì ń kùn wúyẹ́wúyẹ́. Inú nọ́ọ̀sì dùn, ó kó abẹ́rẹ́ ogójì ọmọ sínú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Abà Fátókun. Àwọn ìyá ọmọ ti ń dúró, ẹ̀yin náà á sì rí bó ṣe ń ṣe lójú ọ̀nà."

Fàsásì jókòó sẹ́yìn nọ́ọ̀sì lórí alùpùpù. Àpótí irin náà sì wà ní ẹ̀yìn tirẹ̀ gan-an, ó ń kan án ní egungun ẹ̀yìn nígbàkúùgbà tí táyà bá wọ kòtò.

Wọ́n rìn tó ogún ìṣẹ́jú láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti igbó. Ó ń ka Kúlhù inú Kùránì sínú ara rẹ̀, ó ń tún un kà. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹ̀yìn òun ń gbóná. Oòrùn ni, ó wí fún ara rẹ̀. Ó sún síwájú díẹ̀. Èéfín oko sísun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀nà, eérú sì ń já bọ́ sórí wọn. Òórùn mìíràn wá yọ nínú èéfín náà, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, irú èyí tí bátìrì tó ń hó máa ń ní.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró."

"Kí ló dé?"

"Ẹ dúró, ẹ pa á. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì kú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ohùn kan nínú àpótí, ṣììì, bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ní ọwọ́ ọ̀tún wọn, níbi tí kò jìnnà ju òkò mẹ́ta lọ, iná ń jó ẹ̀bá oko ẹnìkan. Ọyẹ́ ń fẹ́ láti ibẹ̀ wá, ó ń gbé ẹ̀ta iná kéékèèké bọ̀ sí ojú ọ̀nà.

Fàsásì sáré. Kò rò ó kó tó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e lọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ kó tó wẹ̀yìn, ló wá rí i pé nọ́ọ̀sì kò kúrò. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ fíríìjì, ó ń kó abẹ́rẹ́ sínú àpò rẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí irin.

"Ẹ kúrò níbẹ̀," ni Fàsásì wí. Ó tún un wí.

"Ti ogójì ọmọ ló wà níbí," ni nọ́ọ̀sì dáhùn, kò gbé ojú sókè.

Fàsásì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà. Ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n náà pẹ́ ju bó ṣe sáré lọ lọ. Ó gba ike omi mímu nọ́ọ̀sì, ó dà á sórí fìlà rẹ̀ títí ó fi rin gbingbin, ó fi fìlà náà wé ìkọ́ àpótí kí irin má baà kan irin. Ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ooru fẹ́ jáde lù ú. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ti wú, ìdérí méjì lórí rẹ̀ ń yọ èéfín.

"Ẹ kó èyí tí ẹ ti rí, kí ẹ lọ dúró lẹ́yìn igi ọ̀hún," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná kan bà lé orí àga alùpùpù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú pa, ó sì lọ.

Fàsásì dúró kí afẹ́fẹ́ gbé ohun tó wà nínú àpótí lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá tú wáyà lórí bátìrì, ó lè ta iná bíi tìjọ́sí. Wáyà ilẹ̀ tó dè mọ́ ara irin lẹ́yìn ló yẹ kó tú, ìyẹn jìnnà sí bátìrì tó ìwọ̀n apá kan. Ó na sípánà síbẹ̀. Sípánà yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá yí ojú rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀gbẹ́ òsì sí bátìrì, ẹ̀gbẹ́ ojú tó ti fọ́, tí bátìrì kò rí nǹkan gbà mọ́ níbẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wá nọ́ọ̀tì tó di wáyà náà mú láìwò ó. Ó yí i. Ó tún un yí. Òógùn ń wọ inú ojú kan ṣoṣo tó ní, kò lè nù ún.

Wáyà já sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ló wá fà á dìde. Wọ́n jùmọ̀ ti alùpùpù náà kọjá iná, títí dé ibi tí wọ́n ti ro oko mọ́. Wọ́n dúró títí ohùn ṣììì fi dákẹ́, tí bátìrì sì tutù. Nǹkan kan kò ṣe bátìrì ti ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan. Ní Abà Fátókun, nọ́ọ̀sì yẹ abẹ́rẹ́ wò, wọ́n ṣì tutù, ó sì gún àwọn ọmọ. Fàsásì lọ sẹ́yìn ilé kan, ó bì.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó fà á. Fàsásì lè sọ pé àlòkù bátìrì ni, obìnrin náà ì bá gbà á gbọ́.

"Èmi ni," ni ó wí. "N kò wo inú rẹ̀. Omi ti gbẹ nínú ihò méjì, ká ní mo ṣí i ni, ǹ bá rí i. Mo sì pa á mọ́ inú irin nítorí ẹ̀rù. Kì í ṣe nítorí eruku."

Nọ́ọ̀sì dín eré alùpùpù kù.

"Lọ́la ni mo fẹ́ dá gbé e jáde," ni ó wí. "Èmi nìkan ni ì bá wà lórí rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá pe ẹlòmíràn. Kì bá bí mi nínú."

"Mo mọ̀, mà."

Inú ń bí nọ́ọ̀sì, Fàsásì rí i ní iṣan ọrùn rẹ̀ tó le. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn ló sọ pé, "Ẹ padà wá ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin náà lẹ máa tún un ṣe."

Ó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun. Ó lo awò tó bo ojú rẹ̀ tán, ó ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó parí èyí tí Bọ̀wálé máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe. Ìdérí kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì mú un nílẹ̀, ó nà án sí i. Inú apẹ̀rẹ̀ ike oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbé bátìrì sí, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún wákàtí méjì, Fàsásì ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ bátìrì léraléra.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì dá gbé alùpùpù lọ sí abà. Fàsásì wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kò lè ṣiṣẹ́. Ó pè é ní aago mẹ́wàá, kò gbé e. Ó pè é ní aago mọ́kànlá, wọ́n ní fóònù kò sí lórí ìlà, ó ṣì ń pè é léraléra. Hàbíbátù gbé oúnjẹ wá, ó tutù síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni fóònù tó dún.

"Fíríìjì tutù dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bátìrì náà tutù. Ìpè yín mẹ́sàn-án ni mo bá. Ẹ má pè mí mọ́ nígbà tí mo bá wà lórí ọ̀nà, Búọ̀dá Fàsásì. Ẹ̀yin lẹ máa dẹ́rù bà mí."