Lẹ́tà Abẹ́ Ọrùn Ọba

Aláwò gbé owó ẹyọ náà sábẹ́ iná, ó fi awò kékeré rẹ̀ sójú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ òní.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló jókòó níwájú rẹ̀. Oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà: ó ti ní òun ò ní ra owó náà àfi tí Aláwò bá sọ pé ojúlówó ni, torí kò sẹ́ni tó mọ àmì ara owó àtijọ́ bíi tirẹ̀.

Irú owó fàdákà yẹn pọ̀ káàkiri, àyàfi èyí tó bá ní lẹ́tà kékeré kan lábẹ́ ọrùn ọba tí wọ́n yà sí i lára. Lẹ́tà náà ni àmì ilé tí wọ́n ti rọ ọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì jáde níbẹ̀. Bàbá Aláwò ló ni èyí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un láti kékeré ni pé ẹ̀gbọ́n fi ilé tó ń jò dọ́gbọ́n gba ohun iyebíye lọ́wọ́ àbúrò. Inú ilé náà ni wọ́n ti gbé abọ́ gbe omi òjò, inú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ṣépè fún ọkùnrin yìí títí ó fi kú, inú rẹ̀ náà sì ni wọ́n jókòó sí báyìí.

Ojúlówó ni, ó dá Aláwò lójú. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni yóò pè é, lójú oníbàárà, kí bàbá yìí náà mọ bó ṣe ń dunni. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

"Ọmọ mi, ó ṣe ń pẹ́ báyìí?"

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ojú ni mo fi ń wò ó, kì í ṣe ẹnu."

Ó yí owó náà síbi iná. Àmì tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rọ owó, inú fàdákà ló ti máa ń yọ jáde, bí eyín ṣe ń yọ nínú èrìgì. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan yí ìdí rẹ̀ po. Wọ́n gé e lára owó mìíràn ni, wọ́n jó o mọ́ èyí, wọ́n sì ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́wọ́ òsì ṣe ń ha nǹkan. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹbí wọn, ọwọ́ òsì ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Inú ṣì ń bí Aláwò, àmọ́ kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́.

"Ayédèrú ni," ó wí.

Oníbàárà gbé báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àgbàlagbà náà gbá owó náà mú. "Ayédèrú kẹ̀? Ilé kan ṣoṣo tí mo ní ni mo fi gbà á! Ta ló máa ṣe irú èyí sí mi?"

Aláwò lè ní òun ò mọ̀. Ta ni yóò já irọ́ náà?

"Bàbá mi ni."

Àgbàlagbà náà bojú, ó bú sẹ́kún. Aláwò jókòó síbẹ̀, kò lè bẹ̀ ẹ́. Ó wá yé e pé àgbàlagbà náà nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ̀san nínú yàrá yìí, ọwọ́ òun, ọmọ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, ló sì yẹ kó ti gbà á.